Ìdí ọ̀bẹ ni kí o lọ jókòó sí

Àbúrò, o ní wọ́n sọ fún ọ pé ẹni tó ń lo electron microscope, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tí ojú kò lè rí di ńlá, ní ọsibítù kàn ń tẹ bọ́tìnnì, tó ń wo àwòrán ni, o wá ń béèrè bóyá kí o kọ́ ọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀ ní London níbí. Kí a tó dé ìdí ẹ̀rọ yẹn rárá ni iṣẹ́ ti ń pa ènìyàn.

Ẹran kíndìnrín tó ń dé ọwọ́ wa kò ju mílímítà kan lọ. A ó rẹ ẹ́ sínú glutaraldehyde tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́, kẹ́míkà osmium yóò sọ ọ́ di dúdú, resin, ìyẹn oje tó ń le bí ike, yóò gan mọ́ ọn lára nínú ààrò. Ọ̀bẹ dáyámọ́ǹdì la ó wá fi gé e ní nǹkan bí 80 nánómítà (mílíọ̀nù kan rẹ̀ ló wà nínú mílímítà kan), tí yóò sì léfòó lórí omi. Bó bá ń dán bíi fàdákà, ó dáa. Bó bá ti pọ́n bí àlùkò, ó ti nípọn jù.

Mo ṣe àṣìṣe rí lórí ẹran kíndìnrín ọmọ kan. Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ rẹ̀ wá, etí àbúrò ìyá rẹ̀ sì ti di láti kékeré. Ó wà nínú ìwé tí dókítà kọ. Àìsàn Alport, àìsàn ìdílé tó ń ba kíndìnrín àti etí jẹ́, ni wọ́n ń fura sí, microscope lásán kì í sì í fi bí awọ asẹ́ kíndìnrín ṣe ń là sí wẹ́wẹ́ hàn. Glomerulus, ìyẹn asẹ́ kékeré tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ nínú kíndìnrín, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú resin náà. Mo rí i létí, ó jẹ́ búlúù roboto nínú aró toluidine. Mo ní kí n gé e wọlé díẹ̀ sí i kó lè yọ dáadáa. Ilẹ̀ ti ń ṣú, mo ń kánjú. Ìgbà tí mo tún wò ó, kò sí níbẹ̀ mọ́, mo ti gé e tán.

A lọ yọ òmíràn nínú ẹran rẹ̀ tó kù, tí wọ́n ti fi ìda pàráfíìnì bò, àmọ́ irú ìyẹn kò ṣeé fi wọn bí awọ ṣe nípọn tó. Wọ́n tún fi abẹ́rẹ́ gún ọmọ náà lẹ́ẹ̀kejì láti mú ẹran mìíràn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti rí glomerulus létí báyìí, ibẹ̀ ni mo ti ń gé díẹ̀ pamọ́ kí n tó wọlé sí i.

Nítorí náà, tí wọ́n bá gbà ọ́ láyè láti wá wo iṣẹ́ fún ọjọ́ kan, má dúró sí ìdí àwòrán. Bẹ̀ wọ́n kí o jókòó sí ìdí ọ̀bẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kí o wo bóyá ọwọ́ rẹ lè gbà á.