Ẹni tó máa bá yín bójú tó ilé oúnjẹ n'Íbàdàn

Àǹtí mi ní Manchester, ẹ kú àtúnṣe ilé oúnjẹ màmá yín l'Ókè-Àdó. Ẹ ní ọmọ àbúrò màmá yín ló fẹ́ máa ṣe máníjà níbẹ̀, pé ó ti ta fóònù rí, ẹ sì ń bèèrè iye tó yẹ kí ẹ máa san àti bí ojú yín ṣe máa máa tó owó láti ọ̀nà jíjìn. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń darí ilé àmàlà kan n'Íbàdàn láti Houston. Máníjà mẹ́ta ni mo ti gbà, ẹni kẹta ló ṣì wà níbẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́, ọmọ ìyá mi ni. Mi ò sọ pé tiyín ò dáa o. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ní kó máa lọ ni kẹ́ ẹ rò: ta ló máa pè yín lóru ọjọ́ yẹn? Tó bá jẹ́ ìpàdé ẹbí ló máa bá a gbèjà, ẹ wá nǹkan mìíràn fún un ṣe.

Tí ẹ bá ti rí bí ẹni mẹ́ta tó fẹ́ ṣe máníjà, ẹ má gbára lé ọ̀rọ̀ orí WhatsApp. Ta ni ò mọ ọ̀rọ̀ sọ lórí fóònù? Èmi ní kí àbúrò mi kó wọn lọ sọ́jà Bódìjà lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n kọ iye èlùbọ́, ata rodo, tàtàṣé àti ẹran wá. Wọn ò ní ra nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n dé, mo bi wọ́n pé kóńgò èlùbọ́ kan, abọ́ àmàlà mélòó ló máa jáde ńbẹ̀? Àwọn méjì dá iye lójú ẹsẹ̀. Ìyá kẹta ní, “Ṣíbí wo lẹ fi ń bù ú? Ṣé kì í ṣe ayédèrú èlùbọ́?” Òun ni mo mú. Ṣíbí ni èrè wà. Tó bá fi díẹ̀ tóbi sí i, owó ti lọ kí olè tó dé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ bá mú fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣiṣẹ́ ná, kí ẹ sì san owó ọ̀sẹ̀ méjì náà.

Ti owó gan-an wá. Máníjà mi kejì gbé ẹ̀rọ POS méjì sórí káńtà, ọ̀kan tiwa, ọ̀kan tirẹ̀. Ó tún lẹ sítíkà wa mọ́ tirẹ̀ lára. Tí èrò bá ti pọ̀ lọ́sàn-án, tirẹ̀ ló ń nà sí wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan jẹun níbẹ̀, ó ya rìsíìtì ránṣẹ́ sí mi láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àmàlà mi ti wọ́n. Orúkọ tó wà lórí rìsíìtì ò bá tiwa tan rárá.

Nítorí náà, ẹ forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀, kí ẹ fi ṣí àkáǹtì, kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ń buwọ́ lù ú, kí àlẹ́ẹ̀tì máa wọ ímeèlì yín. Ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì náà gàdàgbà sára ògiri. Ẹni tó ń ra ọjà kò gbọdọ̀ máa gbowó. Ní tiwa, wọ́n ń ka ẹran kó tó wọ ìkòkò, ògúnfe lọ́tọ̀, ṣàkì lọ́tọ̀, pọ̀nmọ́ lọ́tọ̀. Wọ́n á tún ka èyí tó kù lálẹ́. Ẹni tó ń fọ abọ́ ló ń kà, máníjà ló ń kọ ọ́.

Owó oṣù: òfin 2024 sọ owó tó kéré jù di 70,000 náírà. Kò de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, àmọ́ ẹ má torí ìyẹn fún ẹni tí kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní owó aṣọ́gẹ́ètì. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ń san ládùúgbò, kí ẹ fi díẹ̀ lé e, pẹ̀lú ìpín kékeré nínú èrè. Èrè ni mo wí o, kì í ṣe owó tó wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa fi ẹran yín ṣaájò oníbàárà.

Ẹ kọ lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ fún un. Labour Act, òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, ò ka alákòóso mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dáàbò bò, torí náà inú lẹ́tà yẹn ni iye ọjọ́ tí ẹ máa fi sọ fún ara yín kí ẹ tó pínyà máa wà. Oṣù kan ni tiwa. Ẹ gba onídùúró méjì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹnì kan sì dé ilé wọn. Máníjà àti àwọn alásè gbọ́dọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò ìlera ti àwọn tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ, àwọn wọlé-wọlé máa bèèrè ìwé rẹ̀.

Àbúrò mi ṣì wà n'Íbàdàn. Tí ẹ bá fẹ́ kó bá yín kó wọn lọ Bódìjà, owó ọkọ̀ rẹ̀ àti abọ́ àmàlà kan lẹ máa san.