Ta Ni Kí N Ní Kó Bá Mi Kọ Lẹ́tà?

"Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹta ni mo wà ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà, mo sì fẹ́ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n olókìkí kan ló kọ́ wa ní báyọ́lọ́jì, a tó 300 ní kíláàsì. Mo gba A, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ mí. Màdáámù tó kọ́ wa ní kẹ́mísírì mọ̀ mí dáadáa: mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò wọn àkọ́kọ́, mo wá ń lọ bá wọn lọ́fíìsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. B ni mo gbà níkẹyìn. Ta ni kí n lọ bá pé kó kọ lẹ́tà tó máa jẹ́rìí mi fún ilé ẹ̀kọ́ náà?"

Àbúrò mi, màdáámù ni. Má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ni olókìkí yẹn fẹ́ kọ? Pé o gba A. Àwọn tó ń yan ọmọ wọlé sì ti rí A yẹn nínú èsì rẹ. Ohun tí èsì ò lè sọ ni wọ́n ń wá nínú lẹ́tà: ọmọ tí ìdánwò gbé ṣubú, tó mú ìwé náà lọ bá olùkọ́, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo ni mo ti ṣì í?" Màdáámù nìkan ló rí ìyẹn. Wọ́n sì mọ ohun tí B yẹn ná ọ.

Má tíì ju báyọ́lọ́jì nù ṣá, torí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ń béèrè olùkọ́ sáyẹ́ǹsì méjì àti ẹnì kan tí kì í ṣe ti sáyẹ́ǹsì. Ẹni tó ń bójú tó yín ní láàbù ńkọ́, ṣé ó mọ̀ ọ́? Ó lè kọ ọ́, kí ọ̀jọ̀gbọ́n bá a fọwọ́ sí i. Bí yunifásítì yín bá sì ní ìgbìmọ̀ tó ń kọ irú lẹ́tà yìí, ọ̀dọ̀ wọn ni kó o kọ́kọ́ yà. AMCAS, ìyẹn àwọn tó ń bá ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà gba fọ́ọ̀mù, gba lẹ́tà tó 10, ṣùgbọ́n ta ló ní kó o kó gbogbo ẹ̀ kún? Èmi ò rí ohun tí lẹ́tà dókítà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ dádì ẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀.

Bó o ṣe máa béèrè ló gba ọgbọ́n. Sọ pé: "Ṣé ẹ mọ̀ mí débi tẹ́ ẹ lè kọ lẹ́tà tó máa gbè mí?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ "ọwọ́ mi dí, ká ṣì máa wò ó", dúpẹ́, kó o máa lọ. Ẹni tí kò dá lójú máa kọ lẹ́tà tútù, àwọn tó ń kà á á sì mọ̀.

Bí wọ́n bá gbà, kó èsì rẹ fún wọn, àti ohun tó o kọ nípa ìdí tó o fi fẹ́ di dókítà, àti ìwé ìdánwò àkọ́kọ́ yẹn gan-an, bó bá ṣì wà. Wọ́n á bi ọ́ bóyá o fẹ́ lo ẹ̀tọ́ rẹ láti ka lẹ́tà náà. Yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yẹn, sọ pé o ò ní kà á. Lẹ́tà tí ọmọ lè yẹ̀ wò, wọ́n máa ń fura sí i.

Nǹkan bí ìparí oṣù karùn-ún ni AMCAS máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba fọ́ọ̀mù. Wọn ò ní torí lẹ́tà dá tìrẹ dúró, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kì í yẹ̀ ẹ́ wò tán àfi tí lẹ́tà bá pé. Nítorí náà, tètè lọ kí àwọn olùkọ́ tó gba ìsinmi. Bó bá pẹ́ tí o ò gbọ́ nǹkan kan, rọra rán wọn létí. Àwọn náà máa ń gbàgbé.