Pápásan ẹsẹ̀ ògiri: ṣé ká sè é, àbí ká hú u dànù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ewé kan ń hù káàkiri ẹsẹ̀ ògiri wa, àti nínú àlàfo sìmẹ́ǹtì níbi tí à ń gbé mọ́tò sí. Igi rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ewé rẹ̀ nípọn, ó ń tàn lórí ilẹ̀. Màmá ọkọ mi ní pápásan ni, pé ẹ̀fọ́ gidi ni. Ọkọ mi ní èpò ni, ó sì ti ra oògùn tó fẹ́ fín sí i. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn? — Ìyàwó Ilé

Ìdáhùn: Ìyàwó wa, màmá jàre. Bó bá jẹ́ pápásan lóòótọ́, ẹ̀fọ́ ni, ẹ̀fọ́ tó dáa gan-an sì ni. Àmọ́ ibi tí ẹ ní ó hù sí yẹn kò jẹ́ kí n lè sọ pé kí ẹ gbé ìkòkò kaná.

Ẹ kọ́kọ́ dá a mọ̀ dájú. Ẹ ṣẹ́ ẹ̀ka kan sí méjì. Omi tó mọ́ gaara, tó ń yọ̀ díẹ̀, ló ń jáde lára pápásan. Bí ẹ bá rí oje funfun bíi wàrà, ẹ jù ú nù, kí ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ má fi nu ojú. Èpò mìíràn nìyẹn, tóun náà fẹ́ràn àlàfo sìmẹ́ǹtì. Oje rẹ̀ ń jó ara, kò ṣeé jẹ. Ewé tirẹ̀ fẹ́lẹ́, igi rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì sábà máa ń ní irun. Ti pápásan dán, ó kún fún omi. Òdòdó rẹ̀ kéékèèké, aláwọ̀ yẹ́lò, ń là nígbà tí oòrùn àárọ̀ bá mú, kì í sì í pẹ́ tó fi ń pa dé.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kù, òun gan-an ló sì ká mi lára. Ẹsẹ̀ ògiri ni ọ̀dà àtijọ́ ń bọ́ sí. Òjé, irin olóró tí òyìnbó ń pè ní lead, wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ìgbà kan, ó sì wà nínú epo tí mọ́tò ń lò kárí ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún. 2021 ni orílẹ̀-èdè Algeria, tó ta epo mọ́tò olójé kẹ́yìn, ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á tì. Òjé kì í jẹrà. Ibi tó bá sí nínú ilẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà. Pápásan sì rèé, ewé tó ń sùn lé ilẹ̀: bí òjò bá rọ̀, erùpẹ̀ á ta sí i lára, gbòǹgbò rẹ̀ náà á sì máa fa díẹ̀ wọlé. Omi lè ṣan erùpẹ̀ kúrò, àmọ́ èyí tó ti wọnú ewé kò ṣeé fọ̀, iná kò sì lè pa á. Ọmọ kékeré àti aboyún ni àyà mi ń já fún jù, torí òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́.

Nítorí náà, ẹ má jẹ ti ẹsẹ̀ ògiri yẹn. Ẹ gé ẹ̀ka díẹ̀ lára rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ rì í sínú ilẹ̀ tó mọ́, nínú ike tí ẹ ti lu ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jáde. Á ta gbòǹgbò fúnra rẹ̀. Ẹ já ewé tó bá a wá dànù, èyí tó bá rú lẹ́yìn náà ni kí ẹ jẹ. Bó bá jẹ́ hóró rẹ̀ lẹ rí, ẹ fọ́n ọn sójú ilẹ̀ lásán, ẹ má bò ó, torí ìmọ́lẹ̀ ló fi ń hù.

Ẹ wá bá mi bẹ bàbá ilé: ọwọ́ tó o, kò nílò oògùn. Kí wọ́n hú u lẹ́yìn òjò, kí wọ́n má sì dà á sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀ka tó bá fara kan ilẹ̀ tútù á tún sọjí, èyí tó ti yọ òdòdó á sì gbó hóró sórí ibi tó wà.

Ohun tó mú kó lè dúró lórí sìmẹ́ǹtì gbígbóná ni pé ó mọ ọgbọ́n àgbàdo, tó ń yára dàgbà nínú ooru, ó sì mọ ti ọ̀pẹ òyìnbó, tó ń fara da ọ̀dá. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Yale fi hàn pé inú sẹ́ẹ̀lì kan náà ni méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Bí omi bá wọ́n, òru ni pápásan ń fa afẹ́fẹ́ tó nílò, á sọ ọ́ di ásíìdì, á fi pamọ́ sínú ewé di ojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí èyí tí a já ní kùtùkùtù fi ń kan ju ti ìrọ̀lẹ́ lọ. Èmi, ti kùtùkùtù ni mo fẹ́ràn, ní tútù, ewé orí nìkan. Ọ̀rá omega-3 inú rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ lọ.

Ìbéèrè: Mo ti ní òkúta inú kíndìnrín rí. Ṣé mo lè jẹ pápásan? — Bàbá Àgbà

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ má jẹ ẹ́ ní tútù. Oxalate pọ̀ nínú rẹ̀, òun sì wà lára ohun tó ń di òkúta yẹn. Bíbọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, ká sì da omi náà nù, máa ń dín in kù, àmọ́ kì í tán. Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà tó mọ irú òkúta tí ẹ ní kí ẹ tó fi kan ẹnu.