Má gba ohun tí wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù gbọ́ tán

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní o pín fọ́ọ̀mù ìbéèrè 180 lórí ẹ̀tanú, gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àwọn kì í dẹ́yẹ sí ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ nítorí ẹ̀yà tàbí nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. O wá ń bèèrè bóyá kí o dà wọ́n nù. Àyà mi já bí mo ṣe kà á.

Fọ́ọ̀mù 140 ni tèmi. Ìbéèrè kẹsàn-án: “Ṣé ẹ lè fún ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà yín ní yàrá gbé?” Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi dùn, mo fi kọ orí kẹrin iṣẹ́ ìwádìí mi. Súpáfáísọ̀ mi, tí kò kà ju ojú ewé àkọ́kọ́ lọ, buwọ́ lù ú. Ó di ọjọ́ tí mo dúró níwájú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ náà wò. Ọ̀gá tí wọ́n pè wá láti ìta wo tábìlì tí mo to ìdáhùn wọn sí, ó wò mí, ó ní, “Ṣé ẹ̀tanú ti wá tán láyé nìyẹn?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Súpáfáísọ̀ mi náà rẹ́rìn-ín! Òógùn bò mí, mo ń ṣí ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ, mi ò rí ohun tí mo fẹ́ kà. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún kan gbáko! Kò sì sẹ́ni tó sọ ohun tí mo ṣe tí kò dáa fún mi, wọ́n kàn ní “kò jinlẹ̀ tó.”

Ojú mi ò là níléèwé. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń wá yàrá, obìnrin ni, ẹ̀yà tiẹ̀ ò sì pọ̀ ládùúgbò náà. Mo rántí onílé kan tó kọ “bẹ́ẹ̀ ni” lójú mi. A jọ lọ. Ẹ̀rín ló fi kí mi. Bí ọ̀rẹ́ mi ṣe dárúkọ ara rẹ̀ báyìí, ẹ̀rín yẹn dúró sójú kan. Ó ní wọ́n ti gba yàrá náà láàárọ̀. Páálí tí wọ́n kọ “yàrá wà” sí ṣì ń fì lára géètì lẹ́yìn rẹ̀.

Mo bá a fà á. Ó ní òun ò kórìíra ẹ̀yà rẹ̀ o, ọkùnrin kan nínú wọn ń gbé nísàlẹ̀. Obìnrin tó ń dá gbé ńkọ́? Ọ̀kan wà lókè, ẹ̀yà onílé fúnra rẹ̀. Òótọ́ sì ni! Ẹ̀rí rẹ̀ pé, ọ̀rẹ́ mi ò ríbi sùn.

Irú ẹ̀ ti délé ẹjọ́ rí ní Amẹ́ríkà. Obìnrin aláwọ̀ dúdú 5 pe General Motors, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò, lẹ́jọ́, wọ́n dá a ní 1976. Adájọ́ ní ilé iṣẹ́ náà ti ń gba obìnrin tipẹ́, bẹ́ẹ̀ aláwọ̀ funfun ni àwọn yẹn. Kò sì gbà kí wọ́n pa ẹ̀sùn ẹ̀yà pọ̀ mọ́ ti obìnrin. Ẹjọ́ yìí wà lára èyí tí Kimberlé Crenshaw, onímọ̀ òfin ará Amẹ́ríkà, gbé yẹ̀ wò lọ́dún 1989 nígbà tó ń ṣàlàyé intersectionality, ìyẹn bí ẹ̀tanú oríṣi méjì ṣe lè pàdé lára ẹnì kan. Nínú tábìlì tèmi, mo ya ẹ̀yà sọ́tọ̀, mo ya ọkùnrin àti obìnrin sọ́tọ̀. Kò síbi tí ọ̀rẹ́ mi wà nínú ẹ̀. Da méjèèjì pọ̀ nínú tìrẹ.

Mo tún gbọ́dọ̀ kìlọ̀: má mú ẹnikẹ́ni lọ dán onílé wò láìsọ fún ẹni tí o mú lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀rẹ́ mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Má sì jẹ́ kí wọ́n fi “minority”, ìyẹn àwọn tí kò lágbára láwùjọ, dà ọ́ láàmú, kì í ṣe orí kíkà, agbára ni. Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù ní South Africa nígbà apartheid, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ibẹ̀, ta ló wà lókè?

Bí ìgbìmọ̀ bá pe àwọn tó dá ọ lóhùn ní òpùrọ́, LaPiere, onímọ̀ nípa àwùjọ ará Amẹ́ríkà, ni kó o dárúkọ. Láti 1930 sí 1932, ó bá tọkọtaya ará Ṣáínà rin Amẹ́ríkà káàkiri. Ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì 251 ni wọ́n yà sí, ẹyọ kan péré ló lé wọn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ó kọ̀wé bi àwọn ibẹ̀ léèrè bóyá wọ́n máa gba ará Ṣáínà. Nínú àwọn tó fèsì, ó lé ní 90 nínú 100 tó ní rárá. Òdìkejì onílé tèmi! Ṣùgbọ́n òyìnbó wà pẹ̀lú tọkọtaya yẹn, ẹni tó sì fèsì lè máà jẹ́ ẹni tó gbé oúnjẹ fún wọn.

Háà, ìbéèrè rẹ. Má da fọ́ọ̀mù nù. Padà sọ́dọ̀ èèyàn 15 nínú wọn, má béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe, ohun tí wọ́n ti ṣe ni kó o béèrè: ta ló gba yàrá yẹn gbẹ̀yìn, ta ló wá tí wọn ò fún, kí ni wọ́n sọ fún un? Kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù. Bí wàá ṣe gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn àti bí wàá ṣe yan àwọn 15 náà, o mọ ìyẹn. Bí súpáfáísọ̀ rẹ bá sì fẹ́ buwọ́ lù ú láìkà á, jókòó tì í títí yóò fi dé orí kẹrin.