Ìbéèrè Òǹkàwé: Ṣé Ó Yẹ Kí Dókítà Eyín Máa Fúnni ní Abẹ́rẹ́ Àjẹsára?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 11, lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín nítorí eyín tó ń dùn ún. Àbúrò mi tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà wá sọ fún mi pé dókítà eyín tọ̀hún lè fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lórí àga tó ti ń tọ́jú eyín rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó yẹ kí tiwa náà máa ṣe é?
Ìyá Aláàdìrẹ, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni àbúrò yín sọ, ìyá wa. Ní ọdún 2019 ni Oregon ṣòfin pé dókítà eyín tó bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ tó yẹ lè kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára fún èèyàn, kí ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gún un. Nígbà tí àrùn kòrónà dé, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà náà fún àwọn dókítà eyín láṣẹ ní 2021 láti máa gún abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ní tèmi, ó yẹ kí tiwa náà rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ pa erìgì kú nínú ẹnu ọmọ tó ń ké kò lè ṣàìmọ abẹ́rẹ́ apá í gún. Èyí tó sì ká mi lára jù ni ti kòkòrò HPV, nítorí pé òun ló ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, òun kan náà ló sì lè fa jẹjẹrẹ ìdí ahọ́n àti ọ̀nà ọ̀fun, tó jẹ́ pé ojú dókítà eyín kì í jìnnà síbẹ̀. Oṣù kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà HPV, ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà lára àwọn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gún un. Ọmọ yín bọ́ sí ọjọ́ orí náà gan-an.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni ìpamọ́ oògùn náà. Inú òtútù tó wà láàárín 2 sí 8°C ló gbọ́dọ̀ wà láti ilé iṣẹ́ títí dé apá ọmọ. Bí ooru bá mú un pẹ́, agbára rẹ̀ á dín kù, bí ó bá sì dì bíi yìnyín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Àmì kékeré kan máa ń wà lára ọ̀pọ̀ ìgò abẹ́rẹ́ àjẹsára: òbìrí tó ní igun mẹ́rin fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín. Bí ooru bá ṣe ń mú un ni igun mẹ́rin náà á máa dúdú sí i, ìgbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá sì ti bá ti òbìrí náà dọ́gba, a kò gbọ́dọ̀ lò ó mọ́. Dókítà eyín tí iná ń lọ lórí rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, tí kò sì ní fíríìjì tó ṣeé gbọ́kàn lé, kò tíì yẹ lẹ́ni tí à ń gbé irú iṣẹ́ yìí fún. Ó tún gbọ́dọ̀ ní oògùn adirẹnalíìnì nítòsí, kí ó sì dá ọmọ dúró fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn abẹ́rẹ́, nítorí àwọn díẹ̀ tí ara wọn lè kọ̀ ọ́.

Ní báyìí ná, ìyá wa, ẹ má dúró de òfin kankan. Ẹ mú ọmọ yín lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó súnmọ́ yín, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gba káàdì rẹ̀, kí ẹ sì mú un dání nígbà tí ẹ bá ń padà lọ wo eyín náà, kí dókítà lè mọ̀ pé ọmọ ti gbà á.