Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́: Ta Ni Yóò Máa San Owó Ilé Kílọ́ọ̀bù?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àbúrò mi la jọ ń bójú tó kílọ́ọ̀bù kékeré kan ní Sùúrùlérè, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ olórin háíláìfù àti jùjú ti máa ń ṣeré lójúkorojú ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àìkú. Owó epo jẹnẹrétọ̀ ti ń jẹ èrè wa láti ọjọ́ pípẹ́, onílé wa sì tún wá sọ owó ilé di ìlọ́po méjì. Ti ọdún méjì ló ní òun fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn oníbàárà wa ní kí a bẹ gbajúmọ̀ olórin kan kí ó wá ṣeré fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, kí a fi owó ìwọlé san gbèsè. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni Paul McCartney, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe gba kílọ́ọ̀bù tí ń jẹ́ 100 Club là ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó sì lè ṣiṣẹ́ fún wa? – Olùkàwé kan, Sùúrùlérè.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni pé McCartney ṣeré níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún yín pé eré náà ló yọ kílọ́ọ̀bù ọ̀hún nínú gbèsè ti fo ìdajì ìtàn.

Abẹ́ ilẹ̀ ni 100 Club wà, ní ojúlé 100, òpópónà Oxford. Oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1942, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, ni orin bẹ̀rẹ̀ sí í dún níbẹ̀, nígbà tí ìdílé Feldman ń gba yàrá ilé oúnjẹ kan ní ọjọ́ Àìkú kí àwọn ọmọ wọn lè máa ṣeré jáàsì. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọlọ́pọ́ǹkì, àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ orin rọ́ọ̀kì aláriwo, ti ṣe ọdún orin wọn ní 1976. Pẹ̀lú gbogbo òkìkí yìí, yàrá náà kò gbà ju nǹkan bí 350 ènìyàn lọ. Iye yẹn ni kí ẹ fi ọkàn sí, nítorí pé owó ilé ní òpópónà Oxford ń bá ti àwọn ilé ìtajà ńláńlá rìn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, èrò 350 kò lè di 700 nítorí pé onílé fẹ́ owó sí i.

Ní ọdún 2010, Jeff Horton, olùdarí kílọ́ọ̀bù náà, tí bàbá rẹ̀ gba ìdarí ibẹ̀ ní ọdún 1964, kéde pé òun yóò ti ilẹ̀kùn pa kí ọdún tó parí, nítorí pé owó ilé àti owó-orí ilé ìṣòwò ti borí ohun tó ń wọlé. Àwọn olólùfẹ́ kílọ́ọ̀bù náà kóra jọ, wọ́n ní àwọn ń wá £500,000. Ní ọ̀sán ọjọ́ 17 oṣù Ọ̀pẹ̀, McCartney ṣeré níbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì kan sì jẹ́ £60. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí yàrá náà bá tilẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, tí wọn kò sì yọ kọ́bọ̀ fún ìnáwó kankan, £21,000 ni gbogbo rẹ̀. Èyí kò tó ìdá kan nínú ogún ohun tí wọ́n ń wá.

Ohun tí eré náà ṣe ni pé ó jẹ́ kí gbogbo ayé bojú wo ibẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Èrèlé ọdún 2011, ilé iṣẹ́ bàtà Converse ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú kílọ́ọ̀bù náà, ó di onígbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì gbé lára ẹrù tó ń pa á. Àmọ́ àdéhùn onígbọ̀wọ́ kì í wà títí. Èyí tí mo gbà pé ó lágbára jù ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ Westminster gbà pé ibẹ̀ jẹ́ ogún àdúgbò, tí ó sì yọ̀ǹda gbogbo owó-orí ilé ìṣòwò tí kílọ́ọ̀bù náà ì bá máa san. Ẹ ò rí i pé gbèsè ìsinsìnyí nìkan ni owó tí a bá dá jọ lè san. Gbèsè ọdún tó ń bọ̀ yóò dé lásìkò rẹ̀, àyàfi bí ẹnì kan bá gba lára owó ilé tàbí owó-orí kúrò nínú ìwé ìṣirò yín pátápátá. Ta ni ẹni náà yóò jẹ́ ní tiyín? Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ̀yin àti àbúrò yín jókòó lé lórí nìyẹn kí ẹ tó wá olórin.

Ní ti onílé yín, ẹ má tíì fi owó ọdún méjì lé e lọ́wọ́. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò fàyè gba kí onílé béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé ọlọ́dọọdún tó ti wà nínú ilé. Òfin kan náà fún ayálégbé láǹfààní láti lọ sí kóòtù kí adájọ́ wò ó bóyá àfikún owó ilé bójú mu, ó sì ní bí àdéhùn yín kò bá sọ nǹkan mìíràn, ìwé oṣù mẹ́fà ni kí onílé kọ́kọ́ fún ayálégbé ọlọ́dọọdún tó bá fẹ́ kó jáde. Ó kan ilé ìṣòwò pẹ̀lú, Sùúrùlérè kò sì sí lára àwọn àdúgbò bí Ìkòyí tí òfin náà yọ sílẹ̀. Ẹ mú ìwé àdéhùn yín lọ bá agbẹjọ́rò. Síbẹ̀, àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ rán ẹni tí onílé ń bọ̀wọ̀ fún sí i, kí ó bá a sọ ọ́ bóyá yóò gba owó ilé tí kò pọ̀ jù pẹ̀lú ìpín díẹ̀ nínú ohun tí ẹ bá tà ní báà. Onílé tó ń jẹ nínú ọtí tí ẹ ń tà kì í fẹ́ kí ilẹ̀kùn yín ti.

Ẹ wo àwọn tó ṣe é ṣáájú yín pẹ̀lú. Bobby Benson ní Caban Bamboo ní òpópónà Ìkòròdú, èyí tó padà di hótẹ́ẹ̀lì. Victor Olaiya ní Stadium Hotel ní àdúgbò yín níbẹ̀ gan-an. Lójú tèmi, kì í ṣe ìfẹ́ yàrá ló mú olórin wọnú òwò hótẹ́ẹ̀lì: owó ẹni tó sùn lókè àti ẹni tó jẹun lọ́sàn-án ni yóò máa gbé fèrè alẹ́ ró. Nígbà tí Fẹ́mi àti Yẹni Kútì fẹ́ kí orin bàbá wọn ní ibùjókòó, wọ́n kọ́ New Afrika Shrine sí Agídíńgbì, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2000. Bí ẹ kò bá lágbára àtikọ́lé, ẹ kò ha lè fi yàrá yín háyà lọ́sàn-án fún ìgbaradì àwọn ẹgbẹ́ olórin, tàbí kí ẹ máa kọ́ àwọn ọmọdé ní gìtá àti ìlù níbẹ̀? Ẹ tilẹ̀ ti gbọ́n ní apá kan, tí ẹ fi ọjọ́ Àbámẹ́ta sílẹ̀, torí ọjọ́ yẹn, òde àríyá ló ni àwọn olórin, kò sì sí kílọ́ọ̀bù kékeré tó lè san iye tí àwọn olóde ń ná fún wọn.

Bí gbajúmọ̀ olórin yẹn bá gbà láti wá, ẹ jẹ́ kí ó wá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá wá ni kí ẹ pe ilé iṣẹ́ ọtí, ilé iṣẹ́ rédíò àti onílé yín fúnra rẹ̀ síbi ìjókòó iwájú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn máa káàánú àwọn oníkílọ́ọ̀bù nìkan. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń gbé ní Ògbà kí ẹnì kan tó wá ṣí ilé orin sí ẹ̀yìnkùlé wa. Àwọn ọmọ mi kì í lè sùn. – Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ògbà.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin lẹ jàre, ìyá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2018 ni ìlànà ìkọ́lé ìjọba ti sọ pé ẹni tó bá wá kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kílọ́ọ̀bù tó ti wà níbẹ̀ ni yóò gbé ìnáwó dídí ariwo, kí ẹni tó dé lánàá má baà lé ẹni tó ti wà láti ọjọ́ pípẹ́. Ìlànà yẹn wà láti gba kílọ́ọ̀bù là lọ́wọ́ àwọn akọ́létà, ṣùgbọ́n bí a bá fi òye rẹ̀ wo ọ̀ràn yín, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ débẹ̀, ẹni tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá ni kí ó dí ògiri rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí LASEPA, àjọ tó ń mójú tó àyíká ní Èkó, bí ó bá kọ̀ láti gbọ́. Àjọ náà láṣẹ láti ti ibẹ̀ pa, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ràn òwò rẹ̀ yóò ra aṣọ ìkélé tó nípọn kó tó dìgbà yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Mo fẹ́ ran àwọn ilé orin kéékèèké lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ti sú mi láti máa dáwó fún ibi tí yóò tún tì lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀nà mìíràn wà bí? – Olùkàwé kan, Peckham.

ÌDÁHÙN: Ọ̀nà wà. Ẹgbẹ́ Music Venue Trust, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2014, rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún irú ilé orin bẹ́ẹ̀, 93 ló ń háyà ilé. Ní ọdún 2022, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpín ìdókòwò fún àwọn ará ìlú, kí wọ́n lè fi owó náà ra àwọn ilé yìí, kí wọ́n sì dá wọn padà fún àwọn olùdarí wọn ní owó ilé tí apá wọn ká. Snug, ní ìlú Atherton tí kò jìnnà sí Manchester, ni wọ́n kọ́kọ́ rà, ní ọdún 2023. Ara ilé ni owó yín wà níbẹ̀.

Mo rò pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dun àwa ọmọ Yorùbá jù. Ní àwọn ọdún 1950, kílọ́ọ̀bù kan wà ní Berwick Street, ní Soho, tí ń jẹ́ Abalabi, tí Ọlá Dòsùnmú dá sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Ambrose Campbell, ọmọ Èkó, àti ẹgbẹ́ rẹ̀, West African Rhythm Brothers, ti máa ń ṣeré. Kò jìnnà sí 100 Club rárá. Ọ̀kan ṣì wà lónìí, èkejì kò sí mọ́. Lónìí, àwọn ọmọ wa ń kún pápá bọ́ọ̀lù: ní ọdún 2023, Burna Boy ṣeré ní London Stadium, Wizkid sì ṣeré ní ti Tottenham. Láti oṣù Bélú ọdún 2024 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fọwọ́ sí i pé kí a máa yọ £1 lórí tíkẹ́ẹ̀tì irú eré ńlá bẹ́ẹ̀ fún àwọn ilé orin kéékèèké, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ di dandan. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń gbé eré náà kalẹ̀, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń yọ ọ́.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ra ìpín ìdókòwò, ẹ ka ìwé rẹ̀ tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Owó tó wọnú bíríkì kì í ṣe owó tí ẹ lè gbà padà ní ọ̀la bí ẹ bá nílò rẹ̀, nítorí náà ẹ má fi owó ilé tiyín sí i.