"Ṣé Wèrè Ni Mo Ya?": Ìrora Ẹ̀yìn tí Àyẹ̀wò Kò Rí Ìdí Rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 58 ni ìyá mi, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Gbági. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tí ẹ̀yìn ti ń dùn wọ́n. A ti ya fọ́tò ẹ̀yìn, a ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, owó ti lọ. Lóṣù tó kọjá, dókítà kan ní òun kò rí ohun tó bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀, pé ọpọlọ wọn ló ń dá ìrora náà sílẹ̀, kí wọ́n máa rìn dáadáa, kí wọ́n sì lọ rí àwọn agbaninímọ̀ràn. Màmá dìde fùú, wọ́n ní, "Ṣé wèrè ni mo ya? Ṣé Aró lẹ fẹ́ gbé mi lọ?" Láti ọjọ́ náà, wọn ò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́. Kí ló fà á, báwo ni mo sì ṣe lè bá wọn sọ ọ́? — Ọmọ Aláṣọ, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi eré ìmárale tọ́jú ara tó ń dun ni, ni mò ń ṣe níbí ní Ìbàdàn, gbólóhùn tí màmá sọ yẹn kò ṣàjèjì sí mi rárá, n kì í sì í bá ẹni tó bá sọ ọ́ jiyàn. Dókítà ń ṣàlàyé àìsàn, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ni màmá gbọ́. Lẹ́nu àwa Yorùbá, tí wọ́n bá ti dárúkọ ọpọlọ mọ́ àìsàn àgbàlagbà, Aró ni ọkàn ń sáré lọ. Bí kò bá sì jẹ́ wèrè, a jẹ́ pé irọ́ ni wọ́n ní ó ń pa. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́ta òru, tó ń fọwọ́ ti ògiri kó tó dé balùwẹ̀, ẹ wá sọ fún un pé kò sí nǹkan kan! Ó tọ́ kó bínú. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ìrora tó ń jẹ.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí àwa oníṣègùn kì í sábà fiyè sí. Tí dókítà bá ní "àyẹ̀wò kò rí nǹkan kan," ìròyìn ayọ̀ ló rò pé òun mú wá. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ kan náà délé, ẹ wo bí yóò ṣe dún. Ẹ̀gbọ́n kan á ní kì í ṣe ojú lásán. Aládùúgbò á ní bóyá wọ́n fẹsẹ̀ gbá nǹkan lọ́jà. Ẹni tó bá sọ fún màmá pé "egungun ẹ̀yìn yín ti jẹ" tilẹ̀ fún wọn ní ohun tí wọ́n lè dì mú. Mo mọ àwọn tó fi fọ́tò ẹ̀yìn wọn pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí bí ìwé ilẹ̀. Ẹ kò lè já ìyẹn gbà lọ́wọ́ wọn lásán, láìní ohun tí ẹ ó fi rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí èmi fi ń rọ́pò rẹ̀ nìyí. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ kó àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀yìn àwọn tó lé ní 3,000 jọ, àwọn tí ẹ̀yìn kò dùn rárá. Nínú àwọn ẹni 20 ọdún, 37 nínú 100 ni tìmùtìmù àárín egungun ẹ̀yìn wọn ti ń gbó. Nínú àwọn ẹni 50 ọdún, ó ti di 80 nínú 100; nínú àwọn ẹni 80 ọdún, 96. Bí irun ṣe ń hu ewú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn ń gbó, ewú kì í sì í dun ni.

Kí ló wá ń dun màmá? Ẹ fojú inú wo ajá ilé kan. Olè wọlé lóru ọjọ́ kan, ajá gbó, ó ṣe dáadáa. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí ewé bá já, á gbó. Bí onílé fúnra rẹ̀ bá ṣílẹ̀kùn, á gbó. Gbígbó náà kì í ṣe irọ́, gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ. Olè ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan ìmọ̀lára àti ọpọlọ lè máa ṣe tí ìrora bá ti kọjá oṣù mẹ́ta. Ìpayà, àìróorunsùn, gbèsè, ọ̀fọ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń fi kún ariwo ajá náà. Tí èyí bá ṣòro fún màmá láti gbà, ẹ bi wọ́n pé nígbà tí fóònù dún láàárín òru tí àyà wọn já, tí ọkàn ń lù kìkì, tí òógùn bò wọ́n, ta ló gbá wọn láyà? Ṣé irọ́ ni ara ń pa?

Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ọ̀rọ̀ ajá yìí kò kan gbogbo ẹ̀yìn tó ń dun ni. Tí màmá bá ń rù láìnídìí, tí ibà tàbí òógùn òru ń yọ wọ́n lẹ́nu, tí wọ́n bá ti ní àrùn jẹjẹrẹ rí, ẹ padà sí ọsibítù. Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà máa ń wọ inú egungun ẹ̀yìn. Tí ẹsẹ̀ bá ń rọ, tí àárín itan kú tipiri, tàbí tí wọn ò lè dá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ dúró, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ.

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà wá bá mi nígbà kan, ọ̀já ni wọ́n fi gbá ìbàdí pinpin. Mo kíyè sí i pé kí wọ́n tó dìde, wọ́n á gbá apá àga mú, wọ́n á sé èémí, ojú á ti fún pọ̀ kí ìdí tó kúrò lórí àga. Ìrora kò tíì dé, ara ti ń dúró dè é. N kò dárúkọ ọpọlọ. Mo ní, "Màmá, ẹ mí jáde bí ẹni ń fẹ́ iná, kí ẹ sì máa dìde lọ." Wọ́n dìde. Wọ́n yíjú wo àga náà. Wọ́n tún jókòó, wọ́n tún dìde, wọ́n ní, "Ó ṣì ń dùn mí, àmọ́ kò tó ti tẹ́lẹ̀." Àwọn fúnra wọn ló wá bi mí pé kí ló fà á. Ìgbà náà ni mo tó sọ ìtàn ajá.

Irú ìtọ́jú yìí ní ẹ̀rí. Ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2022 lórí ènìyàn 151 tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọ́ 50 nínú wọn pé ìrora wọn kì í ṣe àmì pé ẹ̀yìn ń bàjẹ́. Ìrora tán lára 33, tàbí kí ó kù bíńtín. Nínú 50 mìíràn tí wọ́n kàn ń bá ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá lọ, 5 péré ni. Kì í ṣe àwọn tí ìrora wọn le jù ni wọ́n yàn, nítorí náà n kò ní bá màmá ṣèlérí, àmọ́ n kò ní fi ìrètí dù wọ́n.

Tí ẹ bá délé, "mo mọ̀ pé ó ń dùn yín" ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ bi wọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé lọ́dún tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ tán láìwàásù. Ẹ má gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo "màmá, ẹ jókòó, a ó bá yín gbé e" ń sọ fún wọn pé ẹ̀yìn wọn ti kán. Ẹ bá wọn rìn dé ìkóríta lónìí, kí ẹ fi díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ àdúrà, ẹ bá wọn ṣe é. Tí wọ́n bá ń ra diclofenac, oògùn ìrora, ní kẹ́mísì lò lójoojúmọ́, ẹ bá dókítà sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí ó lè ba inú àti kíndìnrín jẹ́.

Tí wọ́n bá gbà láti rí oníṣẹ́ físíò, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú fọ́tò ẹ̀yìn náà dání, kí ẹ sì ní kí ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, kí màmá fojú ara wọn wò ó.